Ta Ni Ó Rán Ọ Wá?

Nílé Yorùbá, bí ọmọdé bá gbé àwo ọbẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, tí ó sì kúnlẹ̀, àgbà tí ó bá níbẹ̀ kì yóò kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó wà nínú àwo. Ohun tí yóò bi í ni pé, "Ta ni ó rán ọ wá?" Bí ọmọ náà bá wí pé ìyá òun ni, a ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì ní kí ó bá wa kí ìyá rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, tí ó ń fi ọwọ́ họ orí, àwo yóò wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí a ó fi mọ ibi tí ó ti wá. Kì í ṣe pé ebi kò pa àgbà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ọbẹ̀ kan náà, bí ó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wá, ọpẹ́ ni a fi ń dá a lóhùn. Bí ó bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tí a jẹ lówó wá, ó ní ohun mìíràn tí ó ń rán wa létí. Bí ó bá sì ti ilé ẹni tí a ń bá ṣe ọ̀tá wá, ajá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ní Ọ̀yọ́, ìbéèrè yìí ju ti àwo ọbẹ̀ lọ. Nígbà tí agbára Aláàfin gbilẹ̀, àṣẹ rẹ̀ ní láti dé àwọn ìlú tí ó jìnnà sí ààfin, Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára àwọn ìlú tí ó ń gba àṣẹ náà. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wọ ìlú kí ó sì kéde pé ọba ni ó rán òun. Báwo ni baálẹ̀ yóò ṣe mọ ìránṣẹ́ tòótọ́ yàtọ̀ sí oníjìbìtì? Àwọn ìlàrí ni ìdáhùn tí Ọ̀yọ́ rí sí i. Pásítọ̀ Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní Ọ̀yọ́ fún ọdún púpọ̀, kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897. (Díẹ̀ ni ó kù kí ìwé náà má dé ọwọ́ wa. Èyí tí ó kọ́kọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1901. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, kí ó tó jáde ní ọdún 1921.) Ìlàrí a máa fá apá kan orí rẹ̀, a sì máa fi apá kejì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí orí bẹ́ẹ̀ lókèèrè kò ní láti bèèrè ààfin tí ó ti wá. Orúkọ tí a fi ń jẹ wọ́n kì í sì í ṣe orúkọ lásán: ó ní ìtumọ̀ tí ó ń fi ọlá ọba tàbí èrò ọkàn rẹ̀ hàn. Ọ̀kan nínú àwọn tí Johnson dárúkọ ni Mádàríkàn, èyí tí ó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tako ọba. Bí a bá rán ẹni tí ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí ìlú tí ó ń ṣe agídí, iṣẹ́ ti dé etí wọn kí ó tó la ẹnu.

Orí ìlàrí ń sọ ẹni tí ó rán an. Orúkọ rẹ̀ ń sọ ohun tí ó bá wá. Kí òǹkàwé fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì sọ́kàn, nítorí a ó tún fi ọwọ́ kàn án níwájú.

Àrokò pẹ̀lú ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá sín owó ẹyọ mẹ́fà sórí okùn, tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ti sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni à ń pe mẹ́fà. Ọmọ tí ó gbé e lọ lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Òjò lè pa á lọ́nà. Ó lè sùn lọ ní ìdí igi kí ó sì gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ́ ọ nílé. Okùn àti owó ẹyọ kò gbàgbé.

Nínú fóònù tí ó wà lápò ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, irú àwọn ìránṣẹ́ báyìí ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀, láìsinmi. Ohun tí à ń pè ní áàpù kì í sábà jẹ́ ojú-ewé kan ṣoṣo. Ó dà bí agbo ilé tí ó ní yàrá púpọ̀: ọ̀kan fún wíwo orúkọ, ọ̀kan fún kíkọ iye owó, ọ̀kan fún kíka ìròyìn. Àwọn tí ń ṣe áàpù a máa pe yàrá bẹ́ẹ̀ ní sìkírìnnì. Ojú-ewé ni a ó máa pè é níhìn-ín. Nígbà tí a bá fi ìka tẹ bọ́tìnì kan, ojú-ewé tí a wà lórí rẹ̀ ni ó ń ṣí òmíràn, òmíràn náà a sì bo èyí tí ó ṣí i mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti dúró lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta igbá ní Ọ̀yọ́, ìlú tí òkìkí igbá fínfín rẹ̀ kàn káàkiri, yóò mọ bí wọ́n ti ń tò wọ́n jọ, ọ̀kan lórí èkejì. Èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a kọ́kọ́ ń gbé kúrò. Bí Android, ètò tí ó ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ní ilẹ̀ wa, ti ń to ojú-ewé jọ nìyẹn. Bọ́tìnì àtipadà a máa gbé igbá òkè kúrò, èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì yọjú. Ṣùgbọ́n igbá tí ó wà lókè kò mọ igbá tí ó wà lábẹ́ òun. Ó mọ̀ pé a ṣí òun. Kò mọ ẹni tí ó ṣí òun. Àfi bí ẹni tí ó ṣe áàpù náà bá wá ọgbọ́n sí i.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní ohun tí èyí ń bàjẹ́. Ojú-ewé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó fi àwòrán hàn kò ní ohun tí yóò fi orúkọ ẹni tí ó ṣí i ṣe. Bí owó bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ní ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1990, ṣe áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀yọ́. Ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn obìnrin ọlọ́jà ni wọ́n sì pọ̀ jù níbẹ̀. Títí di ìgbà náà, inú ìwé ńlá kan tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ń gbé há abíyá ni wọ́n ń kọ owó sí. Akọ̀wé yìí, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ti ń ráhùn pé ojú òun kò ríran mọ́ bí ti àtijọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà wọlé nínú ẹgbẹ́ náà: owó tí ènìyàn ń fi pamọ́, owó tí ó yá tí ó sì ń san díẹ̀díẹ̀, àti owó tí wọ́n ń dá jọ fún ẹni tí ó bá ní ìnáwó. Nítorí náà ojú-ewé mẹ́ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe: Ìfowópamọ́, Ẹ̀yáwó, àti Ìnáwó. (Gbèsè ni ó kọ́kọ́ kọ dípò Ẹ̀yáwó. Àwọn ìyá kọ̀ jálẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn gbé fóònù kí ó sì ká irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.) Lórí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ni bọ́tìnì kan wà tí a kọ Sanwó sí. Bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣí ojú-ewé kan ṣoṣo, níbi tí a ti ń kọ iye owó. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ẹni tí ó ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta kò ní láti kọ́ ilé ìdáná mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ojú-ewé Sanwó ní láti mọ èwo nínú àwọn mẹ́ta ni ó ṣí òun, kí ó lè kọ owó sí abẹ́ orúkọ tí ó yẹ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bi Android fúnra rẹ̀. Ìbéèrè kan wà nínú Android láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2008 tí a ń pè ní getCallingActivity, èyí tí ó ń bèèrè orúkọ ojú-ewé tí ó pe ojú-ewé yìí. Èsì tí ó rí gbà ni òfo. Ó yà á lẹ́nu, títí ó fi ka àlàyé tí ó tẹ̀ lé ìbéèrè náà. Android kì í dárúkọ ẹni tí ó ránni níṣẹ́ àfi bí ẹni náà bá dúró de èsì. Bí a bá rán ọmọ lọ pé kí ó lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu kí ó sì padà wá sọ, Android mọ ẹni tí ọmọ yóò padà jíṣẹ́ fún. Bí a bá sì wí fún un pé kí ó máa lọ, tí a kò retí èsì kankan, Android kò tọ́jú orúkọ wa fún ẹni tí ó lọ bá. Àwọn bọ́tìnì Sanwó rẹ̀ kò retí èsì.

Ó tún rí ìbéèrè kejì, getReferrer, tí ó wọ inú Android ní ọdún 2015 pẹ̀lú Android 5.1. Èyí dá a lóhùn, ṣùgbọ́n orúkọ áàpù rẹ̀ ni ó dá a lóhùn: ó sọ ilé, kò sọ yàrá. Ìbéèrè yìí wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá láti inú áàpù mìíràn ni àlejò ti wá. Síbẹ̀, àwọn tí ó ṣe Android kọ ìkìlọ̀ sí i gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e fún ọ̀rọ̀ ààbò, nítorí pé áàpù mìíràn lè purọ́ orúkọ tí yóò dá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní abẹ ni ó lè fá apá kan orí rẹ̀.

Nígbà tí ó rí i pé ìbéèrè méjèèjì kò gbè é, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe. Ó gbé pátákó kan kalẹ̀ nínú áàpù, níbi tí gbogbo ojú-ewé ti lè rí i. Bí a bá ti ṣí ojú-ewé Ẹ̀yáwó, a ó kọ Ẹ̀yáwó sí ara pátákó. Bí a bá ṣí Ìnáwó, a ó nu ti àkọ́kọ́ kúrò, a ó sì kọ Ìnáwó. Ojú-ewé Sanwó yóò kàn gbé ojú sókè wo pátákó ni. Ó tilẹ̀ rò ó pé ó yẹ kí pátákó náà má ṣe ṣófo nígbà tí áàpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó kọ Ìfowópamọ́ sí i látìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn ń lò jù. Ó dán an wò lórí fóònù tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, àwọn ìyá sì súre fún un.

Ní oṣù kejì ni ìjà dé. Ní ọjọ́ ìpàdé, nígbà tí akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tí kò san ẹ̀yáwó wọn déédéé, ó ka orúkọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan mọ́ wọn. Obìnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó yá owó láti fi ra iṣu gbígbẹ nígbà tí iṣu pọ̀, ó sì ń san 5,000 náírà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, láti ìgbà tí mo ti ń ta ẹ̀lùbọ́, ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí mi, ta ni ó wá sin mí lówó rí?" Akọ̀wé wo ojú fóònù. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀, kò dín ní kọ́bọ̀. Abẹ́ Ìfowópamọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Àwọn kan ní ó tẹ ibi tí kò yẹ kí ó tẹ̀. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti ń wá ìdí tí wọn yóò fi padà sí ìwé ńlá, ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ó lè jẹ́ pé ìyá náà mọ̀ ọ́n ṣe, kí owó ìfowópamọ́ rẹ̀ lè pọ̀, kí ó sì lè rí owó tí ó tóbi jù yá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dun ìyá náà dé egungun.

Ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ láago ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó tún gbogbo nǹkan dán wò, fóònù rẹ̀ sì ń dá a láre. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe áàpù ni ì bá dúró níbẹ̀, kí wọ́n sì di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọ fóònù lò. Èyí tí a ń sọ yìí, nǹkan bí kìlómítà 50 ni ó wà láàrin òun àti Ọ̀yọ́; ó wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì lọ jókòó sí ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣe é bí ẹ ti máa ń ṣe é. Èmi yóò kàn máa wò ni."

Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ pẹ̀lú rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"Rárá, Mà. Áàpù ni mo wá bá wíjọ́."

Ó jókòó títí oòrùn fi mú. Nígbà tí ìyá náà ráyè, ó mú fóònù rẹ̀, fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti sán, tí àyè ìrántí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó tẹ Ẹ̀yáwó. Ó tẹ Sanwó. Ó kọ 5,000. Bí ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i ni ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ní òun ti fi àwòrán aṣọ kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyá ṣí WhatsApp, ó wo aṣọ, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ti pọ̀n jù. Oníbàárà dé, ó wọn ẹ̀lùbọ́ fún un, ó sì fi ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù náà ṣe ìṣirò ṣéńjì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó padà sínú áàpù. Ojú-ewé Sanwó wà níbi tí ó fi í sí, 5,000 tí ó kọ sì wà lójú rẹ̀ kedere. Ó fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ orúkọ tí owó wọlé sí: Ìfowópamọ́.

Ó ti yé e kí oníbàárà kejì tó dé. Nígbà tí àyè bá há mọ́ fóònù, Android a máa pa àwọn áàpù tí a kò wò lójú, kí èyí tí a ń lò lè rí àyè mí. Kì í sọ fún ẹni tí ó ni fóònù. Bí ẹni náà bá sì padà, Android a tún áàpù náà jí, a sì gbé ojú-ewé tí ó wà lórí tẹ́lẹ̀ ka iwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ohun kan wà tí Android ń tọ́jú fún ìjíǹde yìí: bí a ti to ojú-ewé jọ, ohun tí a ti kọ sínú àpótí ìkọ̀wé, àti iṣẹ́ tí a fi rán ojú-ewé náà nígbà tí a ṣí i. Pátákó tí ẹni tí ó ṣe áàpù gbé kọ́ fúnra rẹ̀ kò sí nínú wọn. Nígbà tí áàpù kú, pátákó kú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí áàpù jí, pátákó tuntun ni ó bá a jí, Ìfowópamọ́ tí a kọ sí i látìbẹ̀rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin náà tóbi, kì í sì í pa áàpù lójijì. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dá a láre. Àwọn obìnrin tí fóònù wọn kéré, tí àwọn ènìyàn sì ń pè lọ́pọ̀lọpọ̀, ni ìyà náà ń jẹ. A lè wí pé bí ènìyàn bá ti ní ọmọ àti oníbàárà tó ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i tó.

Iṣẹ́ tí a fi ń rán ojú-ewé ni Android ń pè ní Intent. Bí ojú-ewé kan bá fẹ́ ṣí òmíràn, Intent ni ó ń fi ránṣẹ́, a sì lè di ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lára, bí a ti ń sín owó ẹyọ sórí okùn. Ohun tí a bá dì mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, Android a máa tọ́jú rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ ojú-ewé. Bí áàpù sùn lọ ní ìdí igi, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá jí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pinnu láti wó pátákó lulẹ̀, kí ojú-ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa di orúkọ ara wọn mọ́ Intent tí wọ́n fi ń ṣí Sanwó.

Kí ó tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó yà kí akọ̀wé, ó sì ṣàlàyé fún un. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó wá bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni Sanwó fẹ́ fi orúkọ ẹni tí ó rán an ṣe? Ohun tí ó fẹ́ ṣe ni kí o sọ fún un." Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun ni ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ọ̀ràn náà. Bí Sanwó bá ń bèèrè ẹni tí ó ṣí òun, ó ní láti mọ gbogbo ẹni tí ó lè ṣí i. Ní ọjọ́ tí a bá fi ojú-ewé kẹrin kún un, a ní láti tún inú Sanwó ṣe kí ó lè dá àlejò tuntun mọ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá ti wí pé, "Owó ẹ̀yáwó ni kí o gbà," ẹni yòówù tí ìbáà rán an, Sanwó mọ ohun tí yóò ṣe. Orí ìlàrí nìkan kò tó. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń jíṣẹ́.

Kò pẹ́ tí a fi rí i pé òótọ́ ni bàbá náà sọ. Àwọn ìyá bẹ̀bẹ̀ pé kí fóònù máa rán àwọn létí ní ọjọ́ tí owó bá pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe é, kí ìkìlọ̀ náà lè ṣí Sanwó tààrà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Irú Sanwó bẹ́ẹ̀ kò ní ojú-ewé kankan tí ó ṣí i. Láti òde ni ó ti wọlé, bí àlejò tí ó gba ojú fèrèsé. Bí a bá bi í pé ta ni ó rán an wá, kò ní ẹni tí yóò dárúkọ. Bí a bá bi í ní ohun tí ó wá ṣe, ìdáhùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnì àtipadà nìkan ni ó tún fún un ní wàhálà díẹ̀, nítorí kò sí igbá lábẹ́ igbá. Ó ní láti to ojú-ewé Ẹ̀yáwó sí abẹ́ Sanwó fúnra rẹ̀, kí ẹni tí ó bá padà lè bá ara rẹ̀ níbi tí ó yẹ. Android ní ohun èlò fún èyí.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni àtúnṣe ojú-ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Èyí tí ó ṣòro fún un láti ṣe ni pé kí ó pa Ìfowópamọ́ tí ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ́. Ó ti fi í síbẹ̀ kí áàpù má baà dúró lójijì. Òun gan-an sì ni ó bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ fún odindi oṣù kan. Nísinsìnyí, bí Sanwó bá bá ara rẹ̀ láìní iṣẹ́ lọ́wọ́, kò gba owó. Yóò wí pé kí ẹni náà padà lọ yan èyí tí ó fẹ́ san. Ohun tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú, ìyẹn ìwé ẹgbẹ́ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba ọ̀rọ̀ fóònù gbọ́ mọ́ láìwádìí: kí ó tó kọ owó sí abẹ́ ẹ̀yáwó ẹnìkan, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni náà yá owó ní tòótọ́.

Ẹni tí ń ṣe áàpù fún iPhone yóò bá irú ọ̀ràn yìí pàdé pẹ̀lú aṣọ mìíràn lára. Níbẹ̀, ojú-ewé tí a gbé lé òmíràn lórí lè bèèrè ẹni tí ó gbé òun kalẹ̀, kí ó sì rí ìdáhùn. Nínú Flutter, ohun èlò Google tí a fi ń ṣe áàpù fún oríṣi fóònù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ojú-ewé ni a ń tò léra, a sì lè fi ọ̀rọ̀ rán èyí tí ó ń lọ sókè, kí òun náà sì mú èsì bọ̀ nígbà tí a bá gbé e kúrò. Àwọn tí iṣẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́ ní ibi méjèèjì kì í fẹ́ kí ojú-ewé máa yọ ojú wo ìsàlẹ̀ láti mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n a máa fi iṣẹ́ rán an kedere.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ka iye owó tí a gbé kúrò lábẹ́ Ìfowópamọ́ sí abẹ́ Ẹ̀yáwó fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ nìkan kọ́ ni ọ̀ràn náà kàn. Obìnrin márùn-ún ni. Èyí tí ó ti sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nípa rẹ̀ wà lára wọn, nítorí pé ó ní ọmọ mẹ́fà, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń pè é. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò bá a wí. Ó yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, ó dára tí áàpù ti mọ ohun tí a rán an. Èmi ńkọ́? Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, ta ni yóò rán mi létí?"

Ó kọ ọ́ sí orí Sanwó ní lẹ́tà gàgàrà, lókè ibi tí a ń kọ iye owó sí: Ẹ̀yáwó ni ẹ ń san. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìyá náà tẹ Sanwó, ó kọ 5,000, ọmọ rẹ̀ sì pè. Nígbà tí ó padà dé, ó fi ìka tọ gbólóhùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á sókè fún ẹni tí ó jókòó tì í, kí ó tó fọwọ́ sí i.